Ọmọ Ọ̀yà Náà A Máa Mu Ọmú

Bí ẹ bá dé Àgọ́-Ìwòyè ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ẹ rí ọkùnrin kúkúrú kan tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọ̀nà yunifásítì, tí ìdì eèsún tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà sì ga ju òun alára lọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Hezekiah Odùsànyà ni. Ẹ má sì dán an wò kí ẹ pè é ní ẹni tí ń já koríko fún ẹran. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1983, nígbà tí ọ̀dà ara ògiri ibẹ̀ kò tíì gbẹ, sọ pé olùtọ́jú ẹranko ni, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹranko. Ó fi gíláàsì dé ìwé náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn kọ́ sí. Fọ́tò ìgbéyàwó tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá.

Ilé ẹran tí ó ń tọ́jú jẹ́ ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi páànù bò, tí ó kún fún àgò onírin. Ehoro wà níbẹ̀, òkété wà níbẹ̀, eku funfun wà níbẹ̀, ọ̀yà náà sì wà, èyí tí Hezekiah fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Ní ọjọ́ kan lọ́dún 1984, ó ń gbálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé kíláàsì, ó gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn ẹranko tí ń fọ́mọ lọ́mú kì í bá ipò kan náà wá sáyé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń bí ní ìhòòhò, tí ojú wọn dì, tí wọn kò lè ṣe nǹkankan fún ara wọn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tòun tirun, tòun teyín, tòun tojú lílà ni wọ́n ń jáde, wọ́n á sì dìde rìn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú péré ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fi ṣèdánwò, wọ́n gbàgbé. Hezekiah kò gbàgbé. Ẹ mọ ẹni tí ó gbọ́ ìwàásù ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó bọ́ síta tí ó lọ dá ìjọ sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ojú ara rẹ̀ wá ẹ̀rí, ẹ̀rí sì pọ̀ lọ súà nínú ilé ẹran. Ọmọ ehoro á jáde, á pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́, ojú á dì pinpin, ìyá rẹ̀ á máa tu irun àyà ara rẹ̀ láti fi tẹ́ ìtẹ́ fún un. Ó di bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ojú tó là. Ti òkété tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń kọjá lórí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀yà! Oṣù márùn-ún gbáko ló fi ń jókòó sínú ìyá rẹ̀ tí ó ń palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ó bá jáde, irun ti bò ó, eyín ti yọ, ojú ti là kedere, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi máa họ koríko wò lẹ́nu. Bí Hezekiah bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀yà, ẹ ó rò pé ó lọ́mọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ròyìn.

Ká ní ó mọ sórí ẹran ni, wàhálà ì bá má sí. Ó gbé e dórí ènìyàn. Àlùfáà ìjọ wọn, tí kì í lè wàásù láìka ìwé: ọmọ ehoro. Ọlọ́kadà tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, tí ó ti kọ́ yàrá méjì sí Mamu: ọmọ ọ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ìyá rẹ̀ bá a gbé mátírẹ́ẹ̀sì dé ẹnu ilẹ̀kùn: òkété pọ́ńbélé, kò níí parí ẹ̀kọ́ náà. Bí ó bá ti wo ènìyàn lójú lẹ́ẹ̀kan, ìdájọ́ dé nìyẹn, kò sì sí kóòtù tí ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Pùròfẹ́sọ̀ Ọ̀yà. Wọ́n rò pé àwọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Hezekiah ní tirẹ̀ rò pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ iyì òun.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ti Hezekiah mú, ó kúkú gbẹ́ ti ará ìta dáadáa. Inú ilé ni kò ti mọ ibi tí òun ń gé.

Gbóyèga ni àkọ́bí rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ abẹ́ fèrèsé ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Hezekiah rántí sẹ́yìn, ó sì dájọ́ fún un: ọmọ náà kéré, orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ kò fẹ́ẹ́ là fún odidi ọjọ́ méjì. Ọmọ ehoro ni, kí wọ́n yáa fi irun tẹ́ ìtẹ́ fún un. Lọ́dún 1985 ni Bùsúyì ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin ní ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èyí jáde tòun ti irun dúdú kirikiri lórí, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, ó sì ń wo nọ́ọ̀sì tó gbé e bí ẹni fẹ́ béèrè orúkọ rẹ̀. Hezekiah kígbe láàárín wọ́ọ̀dù.

"Ọ̀yà ni! Ọ̀yà ni wọ́n bí fún mi!"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló yíjú wò ó. Bùsúyì kò lágbára láti dìde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rọbí.

"Bàbá Gbóyèga, ọmọ tí mo fi ọjọ́ méjì rọbí rẹ̀ lẹ dúró síbẹ̀ tí ẹ ń pè ní ẹran ìgbẹ́?"

Kò mọ̀ pé oríyìn tó ga jùlọ tí ọkọ òun ní lẹ́nu ló fi ń ki ọmọ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọlará, wọ́n ń pè é ní Lará. Kẹ́yin má wulẹ̀ rò pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó kàn rò pé kò nílò nǹkan ni.

Gbóyèga ni ó nílò. Ọmọ ọdún márùn-ún ni kí wọ́n tó yé pọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá ni, bàbá rẹ̀ ń bá a so okùn bàtà. Ó ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì nígbà méje, ìgbà méjèèje ni Hezekiah bá a lọ jókòó síwájú géètì pẹ̀lú fúláàsì tíì, bí ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn. Lará ní tirẹ̀ ń dá lọ sílé ẹ̀kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ tí ó ṣubú sínú gọ́tà ní ìlú Òrù, ó fa ara rẹ̀ yọ, ó fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sá a, ó sì ti ń ro ẹ̀bà nígbà tí bàbá rẹ̀ fi dé. Bàbá rẹ̀ wo orúnkún rẹ̀ tó bó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti sọ ọ́. Ojú rẹ là nígbà tí wọ́n bí ọ." Ó sì jókòó jẹ ẹ̀bà náà. Ìgbàkígbà tí Lará bá béèrè nǹkan, ìyẹn náà ni èsì tó ń gbà. Ó béèrè ìwé, wọ́n ní ojú rẹ̀ là. Ó ní kí bàbá òun wá sí ọjọ́ ẹ̀bùn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní ojú rẹ̀ là. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Èyí dùn mọ́ Hezekiah nínú, ó kọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀.

Bùsúyì kú nígbà tí Lará pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ènìyàn mẹ́rin ló di Gbóyèga mú kó má baà ju ara rẹ̀ sí ibojì. Lará ń gbé omi fún àwọn tó wá báni kẹ́dùn. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, lọ́jọ́ yẹn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ ì bá mọ̀. Ọmọ náà fọ ife kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì ń ká èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí lára di òní pé kò sí ẹni tó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà ń lọ, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ní ọdún 2014, Gbóyèga ti di ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó wà nílé bàbá rẹ̀, ó ń wá iṣẹ́. Orí àga gbọọrọ inú pálọ̀ ni ó ti ń wá a. Lará ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́, ìjọba ti gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àbígì, lọ́hùn-ún ní Ogun Wọ́tásáìdì, ó sì ti fẹ́ ọkùnrin aṣọ́bodè kan. Ìjọba tún gbé ọkọ yìí lọ sí bodè òkè Ọya, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lórí fóònù ló ti ń ṣe ọkọ.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè kan ni fóònù Hezekiah dún, nígbà tí ó ń fọ àwo omi àwọn ehoro.

"Dádì, mo ti bímọ o. Obìnrin ni."

"A dúpẹ́! Ẹ kú ewu! Ojú rẹ̀ là?"

Lará fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Ó sọ ohun tí kò tíì sọ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa. Nílẹ̀ wa, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ni yóò di ẹrù wá, tí yóò máa wẹ ọmọ, tí yóò máa fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ lára, tí yóò máa gbé ọmọ kí ìyá ọmọ lè rí oorun sùn. Ìyá Lará ti wà nínú ilẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹni tó kù fún un láyé yìí ni ọkùnrin tí ó di àwo omi ehoro mú.

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe?" Hezekiah béèrè. "Ṣé ọkùnrin a máa wẹ ọmọ ni?"

"Mi ò ní kí ẹ wẹ̀ ẹ́, Dádì. Kí ẹ kàn wá jókòó. Wẹ́sídeè tó ń bọ̀ la máa sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀."

Hezekiah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìwọ kẹ̀, Lará! Ìwọ tí ojú rẹ là nígbà tí wọ́n bí ọ! Bó bá jẹ́ Gbóyèga ló bímọ ni, ǹ bá ti wà lọ́nà báyìí."



"Ó da, sà," ni Lará wí, ó sì pa fóònù.

Hezekiah gbé ìròyìn náà kiri gbogbo ẹ̀ka wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọmọ òun obìnrin bímọ ní àárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán ó ti dìde fóònù òun fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyá, kò sí ọkọ. Ó ní kí wọ́n wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀yà. Àwọn òṣìṣẹ́ kí i kú oríire, wọ́n wo ojú ara wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀yà kan bímọ mẹ́rin nínú ilé ẹran, ó sì kú. Láti ọgbọ̀n ọdún tí Hezekiah ti wà níbẹ̀, ìyá ọ̀yà kò tíì kú sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìbímọ rí. Dókítà Abibat Fàsásì, olùkọ́ tó ni ẹran náà fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ti rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin. Ṣé Hezekiah wá pè é lórí fóònù ni? Kí ló fẹ́ fóònù ẹni kan fún? Ó wo àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irun wọn pé. Ojú wọn là. Ọ̀kan tilẹ̀ ti ń sá káàkiri àgò. Ó já eèsún tútù fún wọn, ó bu omi sínú àwo, ó fi ọwọ́ lu àgò náà pẹ́pẹ́.

"Ẹ máa ṣe é lọ," ó ní. "Ẹ kì í ṣe ehoro."

Wọ́n ṣe é lọ. Ní Sátidé, ó bá ọ̀kan tó ti gan lórí eèsún. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àìsàn ló bá a ti inú ìyá wá. Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ó bá èkejì. Ó pààrọ̀ eèsún, ó ní bóyá èyí tí òun já tẹ́lẹ̀ ti gbó jù. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Dókítà Fàsásì dé, ó bá Hezekiah tí ó ká gúlútú síwájú àgò, tí ó ń fi ewé lọ àwọn méjì tó kù lẹ́nu. Dókítà yìí ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí kó tó di olùkọ́, ó máa ń bọ̀wọ̀ fún un dáadáa. Kò rántí ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Baba, ta ló ń fún àwọn wọ̀nyí lọ́mú?"

"Ọmú kẹ̀? Ọ̀yà mà ni wọ́n, Dókítà. Ojú wọn là. Irun wọn pé."

"Mo rí i pé ojú wọn là. Mo ní, ta ló ń fún wọn lọ́mú?"

Hezekiah tún fi ewé lọ ọ̀kan lẹ́nu. Dókítà Fàsásì na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú ẹran sí, ó ṣí i, ó sì tì í síwájú rẹ̀. Ọwọ́ Hezekiah fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú gègé aláwọ̀ ewé tó ń fi ṣe fáàrí. Ọdún lẹ́yìn ọdún, ìbímọ lẹ́yìn ìbímọ: mu ọmú títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Mu ọmú títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó kọ ọ́ kún ìwé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, òun náà sì ni kò kà á.

"Ojú tó là kò ní kí ebi má pa ọmọ," ni Dókítà wí. Ó gbé àwọn ọmọ méjèèjì, ó fi koríko àgò ọ̀yà mìíràn tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pa wọ́n lára kí òórùn wọn lè bá tibẹ̀ mu, ó sì tì wọ́n wọlé. Ìyá náà gbóòórùn wọn, ó rò ó, ó gbà wọ́n. Wọ́n já wọ abẹ́ rẹ̀ láìbéèrè ọ̀nà.

Hezekiah dúró ń wò wọ́n. Ojú wọn là kedere bí wọ́n ti ń mu ọmú náà. Ọ̀kan tilẹ̀ ń wo òun gan-an, kò sì dẹ́kun mímu. Nígbà náà ni orúnkún Lará tó bó ní Òrù wọ inú ọkàn rẹ̀, àti ife ọjọ́ ìsìnkú, àti "Ó da, sà" yẹn. Ó jókòó sórí garawa oúnjẹ ẹran, ó sọkún. Ó ti di ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, ó ń sọkún láàárín ehoro. Dókítà Fàsásì, tó rò pé nítorí ọ̀yà méjì ni, ní, "Ó tó, Baba, iṣẹ́ Ọlọ́run ni," ó sì fún un ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀.

Mọ́ńdè nìyẹn. Ìsọmọlórúkọ di Wẹ́sídeè, láàárọ̀. Àbígì kì í ṣe ìlú òyìnbó. Bí ènìyàn bá gbéra láàárọ̀ Túsìdeè, á sùn síbẹ̀ mọ́jú. Hezekiah di ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀ Túsìdeè lóòótọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ohùn kan jáde láti orí àga gbọọrọ.

"Dádì, kí ni mo fẹ́ máa jẹ?"

Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló béèrè bẹ́ẹ̀ o, kẹ́yin má rò pé mo ṣì í sọ. Hezekiah gbé báàgì kalẹ̀. Ó lọ sọ́jà, ó ra tòmátì, ó lọ̀ ọ́, ó se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó se ẹ̀wà, ó bu gààrí sínú ike, ó sọ èyí tí Gbóyèga yóò kọ́kọ́ jẹ àti èyí tí yóò jẹ tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ṣú. Ó ní òun yóò gbéra ní ìdájí. Ní ìdájí, Gbóyèga jí, ó rántí pé ẹnì kan fẹ́ rí òun nípa iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Iná kò sí. Hezekiah dáná èédú, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì, nítorí kò dá Gbóyèga lójú èyí tó máa wọ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá kí ó tó wọ mọ́tò. Ẹ̀mí ìrònúpìwàdà wà lára rẹ̀, ìyẹn dá mi lójú, ṣùgbọ́n ìwà kì í gbọ́ pé a ti ronúpìwàdà.

Mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde pẹ́ kí ó tó kún, taya ti Àbígì sì bẹ́ lójú ọ̀nà. Aago méjì ọ̀sán ni Hezekiah wọ àgbàlá ilé Lará. Wọ́n ti ń to àga jọ. Obìnrin sísanra kan tí ó so ìborùn mọ́rí ń fọ ìkòkò lẹ́bàá kànga, ọmọ tuntun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sùn. Nimotalahi ni orúkọ obìnrin náà, ẹja gbígbẹ ló ń tà, ilé tó tẹ̀ lé ti Lará ló ń gbé. Òun ló ti ń wẹ ọmọ náà láti ọjọ́ kìíní.

"Ẹ káàsán, Baba. Ta lẹ ń wá?"

"Èmi ni bàbá ìyá ọmọ."

Nimotalahi dẹ́kun ìkòkò fífọ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, kò sì fi èébú sí i, èyí ló jẹ́ kó burú.

"Àá, ẹ má bínú o. Èmi rò pé ìyá Àbíkẹ́ kò ní ẹnìkan mọ́ ni."

Ìyá Àbíkẹ́. Báyìí ni Hezekiah ṣe gbọ́ orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹja.

Lará jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Dádì, ẹ kú ọ̀nà," bí wọ́n ti ń kí àlejò tó bọ́ sílé láìròtẹ́lẹ̀. Ó gbé omi wá. Ó gbé oúnjẹ wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú dé kókósẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n koko, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Hezekiah mọ ẹran tí oorun ń pa, ó lè dá a mọ̀ láti ẹnu géètì. Ó ti àwo oúnjẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló fún un lórúkọ ní ẹ̀gbẹ́ tiwa?" ó béèrè.

"Èmi ni."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Àlùfáà béèrè pé ta ló wá láti ìdílé ìyá. Ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo wá sọ orúkọ náà." Ó ṣa àwọn ìyókù ìrẹsì tó bọ́ sórí tábìlì. "Kò le, Dádì. Ẹ jẹun."

Hezekiah fẹ́ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò ní èdè mìíràn ju ti ẹran lọ láti ọgbọ̀n ọdún, kí ló fẹ́ fi tọrọ rẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀yà kan tó kú. Ó sọ ti ọmọ mẹ́rin, ti eèsún, ti Sátidé àti ti Sọ́ńdè. Ó sọ pé òun ló kọ ọ́ sínú ìwé, òun ni kò kà á. Ohùn rẹ̀ já lágbedeméjì, ó gbé e, ó tún já. Nimotalahi, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, rò pé baba arúgbó náà ti ń ṣe rádaràda. Lará nìkan ló mọ ohun tó ń gbọ́. Ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti dé.

"Mélòó ló kù nínú wọn?" ó béèrè.

"Méjì. Wọ́n ti ń mu ọmú ìyá mìíràn."



"Inú bí mi sí yín, Dádì," ni Lará wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Mi ò lágbára ẹ̀ lónìí."

Ó dìde, ó tú ọmọ náà kúrò lẹ́yìn Nimotalahi, ó sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ fi ọwọ́ ti ọrùn rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọrùn ni mo ní." Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú pálọ̀ níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀, Hezekiah kò sì tíì rí bí yóò ṣe di ọmọ náà mú tí Lará ti sùn lọ.

Ojú Àbíkẹ́ là, ó ń wo páànù. Ọrùn rẹ̀ kò lè dá orí rẹ̀ gbé. Ẹnu rẹ̀ wá ọmú kiri lára ṣẹ́ẹ̀tì Hezekiah, kò rí nǹkankan, ó tún wá a. Ọkùnrin tí ó lè fi ọwọ́ kan gbé ọ̀yà ní ìrù kó wọn ìwọ̀n rẹ̀, ó jókòó ganran, ó ń bẹ̀rù láti mí.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀. Kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbé e. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Nimotalahi yọ ọ́ fún un, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí etí rẹ̀.

"Dádì," ni ohùn Gbóyèga wí pẹ̀lú ahọ́n Ìjẹ̀bú rẹ̀ tó ń fà, "mé è mọ ibi tí ìṣáná wà."

"Wá a," Hezekiah sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fi ojú ṣe àmì sí Nimotalahi pé kí ó pa á.

Lará kò jí. Ó fi ọwọ́ rọrí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun. Apá Hezekiah ti ń kú lábẹ́ ọrùn ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò mira. Ó ń wo ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ń ronú sẹ́yìn lọ́dọọdún, kò sì rántí ọjọ́ kan tí òun rí i tí ó ń sùn rí.